Àwọn Ọ̀rẹ́ Tí Ó Pínyà, àti Ohun Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Ní Kuta wa yìí, a kì í sọ̀rọ̀ ìtúká kí a má rántí Òwu, ìlú àwọn baba wa, tí ogun fọ́ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ìlú tú, ṣùgbọ́n orúkọ kò parun: a ń jẹ́ ẹ ní Kuta, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ ní Abẹ́òkúta. Èyí ni ó mú wa ronú kan ẹgbẹ́ olórin Mo' Hits, tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn púpọ̀.

Lọ́ńdọ́nù ni D'banj, ọmọ Ṣàgámù, ti bá Don Jazzy, tí ó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, pàdé. Ní ọdún 2004 wọ́n padà wá sílé, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Don Jazzy a máa ṣètò ìlù àti ohùn, D'banj a máa kọrin. Wande Coal àti Dr SID dara pọ̀ mọ́ wọn, pẹ̀lú D'Prince, àbúrò Don Jazzy, àti K-Switch, àbúrò D'banj. Ní 2007 gbogbo wọn jùmọ̀ ṣe àwo kan, Curriculum Vitae.

Ní 2012, orin D'banj, "Oliver Twist", tí Don Jazzy bá a ṣètò, dé ipò kẹsàn-án ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe ni láàánú pé ọdún náà gan-an ni wọ́n pínyà. K-Switch tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, D'Prince sì dúró ti tirẹ̀. Ẹ wo bí ìyapa àwọn àgbà ti í pín àwọn àbúrò níyà!

Ṣùgbọ́n ní oṣù May ọdún náà Don Jazzy dá Mavin sílẹ̀. Níbẹ̀ ni Rema ti jáde ní 2019. Orin rẹ̀, "Calm Down", tí òun àti Selena Gomez jọ kọ, sì gun ipò kẹta ní Amẹ́ríkà ní 2023. Ní 2024 ilé iṣẹ́ Universal ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú Mavin.

Àwọn àgbà wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá ọ̀rẹ́ da òwò pọ̀, ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ nígbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná. Bí ọjọ́ ìyapa bá sì dé, ẹ má ṣe ba orúkọ ara yín jẹ́. Iṣẹ́ rere tí ẹ jùmọ̀ ṣe kì yóò tú ká pẹ̀lú yín.