Àdàlù àti Àsopọ̀: Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Kan nínú Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ mọ òògùn bàbà tí a ń fọ́n sí kòkó kí èso rẹ̀ má baà dúdú kí ó sì jẹrà. Agbára bàbà lórí kòkòrò àìfojúrí kì í ṣe tuntun. Ní 1885 ni Millardet, ará ilẹ̀ Faransé, ti kéde òògùn oníyọ̀-bàbà tí ó ń dáàbò bo igi àjàrà. Lóde òní, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń ṣe irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní mixed-ligand copper complex. Báwo ni kí a pè é ní Yorùbá? Ní èrò tiwa, kò yẹ kí a pè é ní àdàlù.

2. Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. A ó po iyọ̀ bàbà mọ́ omi, a ó fi phenanthroline sí i, lẹ́yìn náà glycine. Bí omi rẹ̀ bá ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, a ó rí horo aláwọ̀ aró. Phenanthroline fi naitirójìn méjì di bàbà mú. Glycine fi naitirójìn kan àti ọ́síjìn kan dì í mú. Nítorí náà ni a ṣe dábàá "adìmú" fún ligand, ọ̀rọ̀ tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí "dì" tàbí "so". A sì dábàá "àsopọ̀" fún complex.

3. Ibi tí àṣìṣe wà

Nínú àdàlù tí a ń jẹ, ẹ̀wà ṣì ń jẹ́ ẹ̀wà, àgbàdo ṣì ń jẹ́ àgbàdo; ọmọdé lè ṣà wọ́n lọ́tọ̀. Àsopọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tuntun kan ṣoṣo ni. Mixed kàn ń sọ pé àwọn adìmú tí ó di bàbà náà mú kì í ṣe irú kan náà. "Àsopọ̀ bàbà aládìmú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀" ni a yàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àyẹ̀wò pẹ̀lú. A máa ń gbin kòkòrò àrùn sínú àwo, a ó fi òògùn sí i, a ó sì wọn ibi tí kòkòrò kò ti lè hù. Phenanthroline nìkan lè pa kòkòrò. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ dán iyọ̀ bàbà, adìmú kọ̀ọ̀kan àti àsopọ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbà pé àdàlù ni yóò rò pé agbára méjì ni a kàn rò pọ̀. Àlàyé tí a máa ń tọ́ka sí, tí Tweedy ṣe, ni pé bí adìmú bá ti pín nínú agbára iná tí ó wà lára bàbà, yóò rọrùn fún un láti gba inú awọ ọlọ́ràá tí ó bo kòkòrò kọjá.

4. Àgbálọgbábọ̀

A rọ àwọn olùdánwò pé kí wọ́n gba "adìmú", "lígáńdì" tàbí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá fi ìsopọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ "àdàlù" ti ṣi ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ mú, kí a má ṣe fún un ní máàkì nítorí pé Yorùbá rẹ̀ dùn.