Bọ́ọ̀lù Ńlá Tí A Ń Jókòó Lé: Ohun Tí Ó Lè Ṣe Àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ní Zongo níbí, ta ni ẹ̀yìn kì í ro? Télọ̀ tó tẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ ń ráhùn. Alágbàrù tó ń ru àpò àgbàdo ní ọjà Arzèkè ń ráhùn. Ìyá tó pọn ọmọ, tó tún gbé igbá ọjà rù, òun náà ń ráhùn.

Ìyá kan nínú kíláàsì wa rí bọ́ọ̀lù ńlá kan lórí fóònù ọmọ wọn. Wọ́n bi mí pé: "Olùkọ́, wọ́n ní ó ń wo ẹ̀yìn ríro sàn. Ṣé kí n fi owó àjọ mi rà á?" Owó àjọ kì í ṣe owó eré. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ń gbá. Ike rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, a ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, yóò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà lè jókòó lé e. Ará Ítálì kan tó ń ṣe ohun èlò ike, Aquilino Cosani, ni ó ṣe é ní ọdún 1963. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Mary Quinton, tó ń ṣiṣẹ́ ní Switzerland, fi tọ́jú àwọn ìkókó àti ọmọdé tí ara wọn kò lè dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà, Susanne Klein-Vogelbach fi tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ìlú Basel. Ẹ kíyè sí i: ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ni ó ti kọ́kọ́ wúlò, kí àwọn eléré ìdárayá tó gbà á.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí ẹ bá jókòó lórí àga, àga ni ó gbé yín ró. Bọ́ọ̀lù kì í dúró lójú kan. Bí ó bá yí díẹ̀, iṣan ikùn, ti ẹ̀yìn àti ti ìbàdí yín gbọ́dọ̀ fà yín padà. Ẹ rántí ọmọbìnrin tó ru omi láìfi ọwọ́ di garawa mú. Ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òun pàápàá kò mọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń fún ara ṣe. Ó ń kọ́ ara bí a ti ń dúró déédéé. Ó tún dára fún aboyún tó ń rọbí: bí ó bá jókòó lé e, tí ẹnì kan sì dì í mú, ó lè dín ìrora rẹ̀ kù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn. Ẹni tó fẹ́ kí iṣan rẹ̀ le gan-an láti gbé ẹrù wúwo, orí ilẹ̀ ni kí ó ti ṣe é. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò balẹ̀ kò lè lo gbogbo agbára rẹ̀. Àwọn mìíràn sọ ọ́ di àga, wọ́n ń jókòó lé e látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn olùwádìí fi í wé àga, wọn kò rí èrè púpọ̀ níbẹ̀. Ara tilẹ̀ ni àwọn kan nínú àwọn tó jókòó lé e.

Ewu sì wà. Èmi fúnra mi ti ṣubú lórí rẹ̀ rí. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìgúnpá mi kò rẹ́rìn-ín. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, ó lè bẹ́ mọ́ni nídìí. Ní ọdún 2009, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà nípa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 irú rẹ̀ nítorí èyí. Nítorí náà, ẹ gbá ilẹ̀ kí ìṣó tàbí òkúta má sí níbẹ̀, ẹ sì wà nítòsí ògiri. Arúgbó tí òòyì ń kọ́ kò gbọ́dọ̀ dá nìkan lò ó.

Ó ní ìwọ̀n. Ẹni tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 165 lọ máa ń lo èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 55. Ẹni tó ga jù bẹ́ẹ̀, títí dé 180, máa ń lo ti 65. Bí ẹ bá jókòó lé e, kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín kan ilẹ̀ pátá, kí itan yín sì tẹ́ bíi tábìlì.

Mo sọ fún ìyá náà pé ẹní tí wọ́n ní nílé lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n ká orúnkún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Kí wọ́n gbé ìdí sókè díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n ka ení dé àrún, kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tó. Bí ó bá dùn wọ́n, kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá ń ro tí ẹsẹ̀ sì kú, tàbí tí ibà bá a rìn, tàbí tí ẹ kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ẹ má wá bọ́ọ̀lù, ẹ má sì tẹ́ ẹní. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá náà bi mí pé ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn. Mo ní owó àjọ tí wọn kò tíì ná ńkọ́?