Oòrùn Tí Ń Fọ Omi Aró

Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn lókìkí fún aṣọ òfì. Ṣùgbọ́n bí a bá da omi aró sí odò, odò á ṣú, ìmọ́lẹ̀ kì yóò sì dé ọ̀dọ̀ ewéko inú rẹ̀.

Lẹ́búlẹ́bú funfun kan wà nínú ọ̀dà, titanium dioxide ni orúkọ rẹ̀. Ní 1972, Fujishima àti Honda, ará Jàpáánì, kéde agbára tí ìmọ́lẹ̀ ń fún un nínú omi. Bí oòrùn bá ràn sí i nínú omi aró, yóò máa fọ́ aró náà sí wẹ́wẹ́ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi parẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í tán. A lè sẹ́ ẹ, kí a tún un lò.

Ṣùgbọ́n aró tí ó ki jù ń dínà ìmọ́lẹ̀. A ní láti kọ́kọ́ bu omi là á. Oòrùn kò wọ́n ní Òkè-Ògùn. Ọgbọ́n lílò rẹ̀ ni kí a kọ́.