Sẹ́ẹ̀lì Tó Ń Bí Sẹ́ẹ̀lì

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ló máa ń lò kó tó gbó, tí ara á sì tú u palẹ̀. Kò lè bímọ kó tó lọ, torí ó ti ju ibi tí jíìnì ń gbé nínú rẹ̀ nù kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í gbẹ lára wa. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bíi mílíọ̀nù méjì tuntun ló ń jáde láti inú mùdùnmúdùn egungun. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní stem cell, ni ìyá tó ń bí wọn níbẹ̀.

Nǹkan méjì ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ máa ń ṣe: ó ń bí irú ara rẹ̀ kí ìran rẹ̀ má baà parun, ó sì ń bí ọmọ tó máa lọ gba iṣẹ́ mìíràn. Láàárín 1961 sí 1963 ni James Till àti Ernest McCulloch rí ẹ̀rí rẹ̀ lára eku ní Toronto, ní Kánádà. Wọ́n fi ìtànṣán ba mùdùnmúdùn eku jẹ́, wọ́n fún un ní ti eku mìíràn, àwọn kókó kéékèèké sì yọ nínú rẹ̀. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú kókó kan, ọmọ ìyá kan ṣoṣo ni wọ́n.

Agbára àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ò dọ́gba rárá. Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ wé e. Ẹyin obìnrin tí àtọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ dà bí odindi ìgàn aṣọ tí sísọ́ọ̀sì kò tíì kàn: àtọmọ àtibi ọmọ, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jáde. Sẹ́ẹ̀lì inú ọlẹ̀ tó pé bí ọjọ́ márùn-ún ṣì lè di ohunkóhun lára ọmọ, ọkàn ni o, ọpọlọ ni o. James Thomson ló kọ́kọ́ yọ ti ènìyàn sọ́tọ̀ tó sì tọ́ ọ dàgbà, ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1998. Ọ̀rọ̀ náà dá awuyewuye sílẹ̀, nítorí pé ọlẹ̀ ọ̀hún kò lè yè é.

Èyí tó wà lára èmi àtẹ̀yin ti di aṣọ gígé. Ti mùdùnmúdùn ń bí ẹ̀jẹ̀, ti awọ ń bí awọ, ti ìfun ń pààrọ̀ ara inú ìfun láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun náà ní irú ti mùdùnmúdùn. Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi wo ọmọ kan sàn, lọ́dún 1988. Bí ti ìfun wa ò bá wá lè bí ẹ̀jẹ̀, kí ni ti èso ápù fẹ́ bí? Òun ni wọ́n ń lọ̀ sínú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fún wa pé ká dà sábẹ́ ahọ́n, pé ó ń wo gbogbo àrùn. Òkú sẹ́ẹ̀lì igi lásán ni.

Lọ́dún 2006, ní Kyoto, Shinya Yamanaka mú sẹ́ẹ̀lì awọ eku lásán, ó fi jíìnì mẹ́rin sí i, ló bá padà dà bíi ti inú ọlẹ̀. Ó tú ṣòkòtò, ó di ìgàn! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó rí ti ènìyàn ṣe, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012.

Ti mùdùnmúdùn ló ti pẹ́ jù lẹ́nu ìwòsàn. Òun ni wọ́n fi ń wo fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n sì ti ṣe é nílé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ìlú Bìní lọ́dún 2011. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ẹni tí ara rẹ̀ bá ti aláìsàn mu. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ló sábà máa ń jẹ́, ẹnì kan nínú mẹ́rin ló sì ń bọ́ sí i. Wọ́n á fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn aláìsàn, wọ́n á wá so sẹ́ẹ̀lì tuntun kọ́ nínú àpò bí ìgbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Ẹnikẹ́ni kì í la egungun rẹ̀. Inú iṣan ni sẹ́ẹ̀lì ń gbà, fúnra rẹ̀ ló sì máa wá ọ̀nà dé inú egungun. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibà kékeré sì lè pa aláìsàn láàárín àkókò yẹn.

Bó bá yọrí, tó jẹ́ AA ni ẹ̀gbọ́n tó fún un, jẹ́nótáìpù ẹni tó ti ń jẹ́ SS á di AA lórí ìwé àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló yí padà o. Sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn kì í bí àtọ̀, kì í bí ẹyin obìnrin. SS ni àwọn yẹn ṣì wà. Bó bá fẹ́ AA, AS ni gbogbo ọmọ wọn á jẹ́. Bó bá fẹ́ AS, ìdajì ni àǹfààní tí oyún kọ̀ọ̀kan ní láti bọ́ lọ́wọ́ SS. Nítorí náà, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá béèrè ìwé jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, ti àtijọ́ ni kó mú lọ.