Ipa Afẹ́fẹ́ Lórí Eré Gígun Ìgbì ní Etíkun Èkó

Ìfáárà

Ọ̀fà jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí í fẹ́ ní Ọ̀fà kì í ṣe àjèjì lójú òkun. Ọyẹ́ tí í gbẹ wá létè láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Ìhà gúúsù ni ó ń lọ, bí ó bá sì lágbára, a máa dé Èkó. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ipa tí ọyẹ́ àti àwọn afẹ́fẹ́ mìíràn ń kó nínú eré fífi pátákó gun ìgbì, eré tí àwọn ọ̀dọ́ Tarkwa Bay mọ̀ dunjú. Eré náà kì í ṣe tuntun ní agbègbè wa: ní àwọn ọdún 1830, James Alexander, jagunjagun ará Ìlú Ọba, ròyìn bí àwọn ọmọdékùnrin Accra ṣe ń fi pákó gun ìgbì.

Afẹ́fẹ́ tí ó bí ìgbì

Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó bí ọmọ, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó tọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìgbì rí. Nǹkan mẹ́ta ni ó ń pinnu títóbi ìgbì: bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, bí ó ṣe pẹ́ tó lórí omi, àti bí ojú omi tí ó fẹ́ kọjá ṣe gùn tó. Ìjì tí ń jà ní ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì, láàrin ìlà 40 àti 60 ní gúúsù agbedeméjì ayé, ni ó bí púpọ̀ nínú ìgbì ńlá tí í dé Èkó. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, tí í ṣe ìgbà òtútù níbẹ̀, ni ìjì náà ń le jù. Ìgbì a sì rìn fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó gúnlẹ̀. Nítorí náà, òkun Èkó lè máa ru nígbà tí atẹ́gùn kankan kò fẹ́ létí rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ ìgbì

Etíkun Èkó kọjú sí gúúsù. Afẹ́fẹ́ tí ó bá ti orí ilẹ̀ fẹ́ wọ òkun yóò kọlu iwájú ìgbì, yóò gbé e dúró, kò ní jẹ́ kí ó tètè wó. Ojú ìgbì yóò sì máa dán. Ṣùgbọ́n bí ó bá le jù, ẹni tí ó wà lórí pátákó kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ lójú ìgbì. Bí ó bá ṣe láti ojú òkun ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ̀yìn ni yóò ti taari ìgbì. Ìgbì yóò tètè wó, omi yóò sì rí rúdurùdu. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń gun ìgbì fi fẹ́ràn ìdájí: ilẹ̀ a máa tutù ju omi lọ lóru, afẹ́fẹ́ a sì rọlẹ̀ tàbí kí ó ti ilẹ̀ lọ sí òkun. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ òkun yóò bẹ̀rẹ̀.

Níbí ni ìṣòro wà. Ní ìgbà òjò, ìgbì tóbi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ láti gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn ń dà á rú. Ní ìgbà ọyẹ́, ojú omi tẹ́jú, ṣùgbọ́n ìgbì kéré. Ọgbọ́n eré náà ni láti mọ òwúrọ̀ tí òbí rere àti alágbàtọ́ rere bá pàdé.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí kì í gun ìgbì pẹ̀lú. Ará òkè tí ó lọ ṣe fàájì létí òkun lè rí i pé atẹ́gùn dákẹ́, kí ó sì rò pé omi rọ̀ bí odò ilé. Àṣìṣe tí í gba ẹ̀mí ni. Alágbàtọ́ ni ó wò, kò wo òbí. Kí ó kọ́kọ́ dúró, kí ó wo ìgbì fúnra rẹ̀ dáadáa, nítorí ìgbì ńlá a máa wá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Kí ó sì bi àwọn ọmọ etíkun léèrè kí ó tó ki ẹsẹ̀ bọ omi.