Nọ́ńbà Tí Ẹ̀rọ Fi Ń Mọ Ara Wọn

Lọ́jọ́ àjọ̀dún bí irú èyí ní Atosin, ọ̀pọ̀ àlejò ni yóò so fóònù wọn mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé. Lọ́jọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò JAMB lè jókòó nídìí kọ̀ǹpútà kí ẹ̀rọ náà má rí ọ̀nà wọlé. Kí ni ó fà á?

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, irú bíi 192.168.10.20. Bí méjì bá ń jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀rọ̀ wọn yóò dàrú. Ètò DHCP, tí Ralph Droms kọ ìlànà rẹ̀ jáde ní 1993, ni a fi ń pín in. Olùpín kì í fi nọ́ńbà tọrẹ. Ńṣe ni ó ń yá ni. Àdúgbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó wọ́pọ̀ kò gbà ju ẹ̀rọ 254 lọ. Bí a bá yá fóònù ní nọ́ńbà fún ọjọ́ 8, àlejò á ti padà sí Àkúrẹ́, nọ́ńbà náà á sì wà lórúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a ya àdúgbò sọ́tọ̀: 192.168.10 fún yàrá kọ̀ǹpútà, 192.168.20 fún ọ́fíìsì, 192.168.30 fún àlejò, kí ti àlejò má ju wákàtí 2 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun kò mọ ibi tí olùpín wà. Igbe ni ó ń ké bí akéde, ráútà kì í sì í jẹ́ kí igbe kọjá ààlà àdúgbò. Ṣé kí a wá ra olùpín mẹ́ta ni? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ mẹ́ta kì í pẹ́ ta kora. Ẹ jẹ́ kí ráútà ṣe oníbodè: yóò gbọ́ igbe náà, yóò kọ àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ ní àdúgbò yẹn sí i, yóò sì gbé e tọ olùpín lọ. Àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ni olùpín fi ń mọ inú agbọ̀n tí yóò ti mú nọ́ńbà. Bí a kò bá ti pèsè agbọ̀n fún àdúgbò náà, kò ní dáhùn rárá.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilé-ìwé lọ́rẹ. Ráútà kékeré tí a rà lọ́jà máa ń pín nọ́ńbà fúnra rẹ̀ bí a bá ti kì í bọ ògiri, ẹ̀rọ a sì máa gba ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fà á lé olùtọ́jú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́.