Alexis, Ọkùnrin tí Ihò Wà Níkùn

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn kékeré bọ́ síwájú. A ti jẹun alẹ́ tán, àmàlà ti gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Ta ló lè sọ ohun tí ojú àmàlà náà ń rí níkùn wa báyìí? Títí di nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní ńṣe ni ikùn ń lọ oúnjẹ kúnná. Àwọn kan ní ooru inú ló ń sè é. Àwọn mìíràn ní ó ń jẹrà ni. Ara ọkùnrin kan ló parí iyàn náà, ọkùnrin ọ̀hún kò sì bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Alexis St. Martin lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kánádà tó ń sọ Faransé, atukọ̀ tó ń bá àwọn oníṣòwò awọ ẹran ìgbẹ́ ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1822, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní erékùṣù Mackinac, ní Michigan, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nígbà tí ìbọn ẹnìkan ṣèèṣì yìn nítòsí rẹ̀. Ọta fọ́ eegun ìhà rẹ̀ lápá òsì, ó ya ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lu àpòlúkù. Oúnjẹ àárọ̀ tó jẹ ń tú jáde lójú ọgbẹ́. William Beaumont, dókítà àwọn ọmọ ogun ibẹ̀, tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rò pé yóò yè é.

Alexis yè é. Fún ọjọ́ 17, ohunkóhun tó bá jẹ, ojú ihò ló ń gbà jáde. Nígbà tó yá, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò náà kò dí. Etí àpòlúkù lẹ̀ mọ́ awọ ara, ó sì jinná bẹ́ẹ̀. Ẹran kékeré kan hù bò ó lójú. Béèyàn bá fi ìka tì í, yóò rí inú àpòlúkù kedere. Ohun ìyanu rèé o! Alexis ń ṣiṣẹ́, ó gbé ìyàwó, ó bímọ, ihò sì wà níkùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1825, Beaumont so ègé ẹran màlúù (bíbọ̀ wà nínú wọn), ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, búrẹ́dì àti kábéèjì mọ́ okùn ṣẹ́dà, ó sì kì wọ́n bọ ihò náà. Nígbà tó fà wọ́n jáde lẹ́yìn wákàtí kan, kábéèjì àti búrẹ́dì ti dà dé ìdajì, ẹran kò tíì yí padà. Nígbà tó fi di wákàtí kejì, kábéèjì, búrẹ́dì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran màlúù bíbọ̀ ti tán lórí okùn.

Ó tún fa omi inú àpòlúkù náà sínú ìgò, ó fi ẹran sí i, ó sì jẹ́ kó máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Irú ẹran kan náà tó kì bọ ikùn Alexis dà láàárín nǹkan bí wákàtí 2. Tinú ìgò gba nǹkan bí wákàtí 10, ṣùgbọ́n òun náà dà. Ìgò kò léyín, kò sì lè lọ nǹkan. Omi yẹn ló ṣiṣẹ́! Ásíìdì wà nínú rẹ̀, ọ̀mọ̀wé kan, William Prout, ti sọ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1824. Ní ọdún 1836, ọ̀mọ̀wé kan ní Jámánì, Theodor Schwann, rí pepsin, èyí tó ń bá ásíìdì gé ẹran sí wẹ́wẹ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ẹran ni àpòlúkù fúnra rẹ̀, kí ló dé tí omi yẹn kò jẹ ẹ́? Awọ inú rẹ̀ ń sun ohun kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ìyẹn ló ń bo ara rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú awọ náà ń kú, àwọn tuntun sì ń rọ́pò wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti inú àpòlúkù ni oúnjẹ ti ń lọ sínú ìfun kékeré, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6 nínú àgbàlagbà, níbi tí òróòro ti ń bá ọ̀rá jà, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti ń gba ohun tó ń ṣe ara lóore.

Ṣùgbọ́n ìyà jẹ Alexis nídìí ìmọ̀ yìí. Ìdánwò wọ̀nyẹn máa ń dà á láàmú. Ó sá lọ sí Kánádà, wọ́n tún bẹ̀ ẹ́ padà ní 1829. Ní 1832, ó tọwọ́ bọ̀wé pé dọ́là 150 lòun yóò gbà fún ọdún kan. Beaumont tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1833, ó sì kú ní 1853. Alexis wà láyé títí di 1880. Kí àwọn dókítà má baà la ikùn rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ́ kí òkú náà jẹrà, wọ́n sì sin ín sí kòtò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 8.

Ẹ̀yin ọmọ mi, Beaumont rí i pé oúnjẹ tó kúnná máa ń tètè dà, ó sì rí i pé ìbínú máa ń da iṣẹ́ àpòlúkù rú. Nítorí náà, ẹ máa jẹ oúnjẹ yín kúnná, ẹ má sì jẹun tìbínú-tìbínú. Bí wọ́n bá kọ́ yín ní iléèwé bí oúnjẹ ṣe ń dà, tí wọ́n sì dárúkọ Beaumont, ẹ dárúkọ Alexis St. Martin mọ́ ọn. Òun ló ni ikùn.